Àpá Apá Òsì: Ìtàn Bí a Ṣe Wọn Agbára Abẹ́rẹ́ Àjẹsára BCG lára Ọmọ Tuntun

Ìsọníṣókí

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ikọ́ ẹ̀gbẹ tí a ń pè ní BCG, láti ọdún 1921 tí a kọ́kọ́ fún ọmọ tuntun kan ní ìlú Paris títí di òde òní. Ohun tó jẹ wá lógún ni bí àwọn onímọ̀ ṣe wọn agbára rẹ̀, ìdí tí àbájáde wọn fi ta ko ara wọn, àti iye ọdún tí ààbò náà fi ń wà lára ọmọ. A to àwọn ìwádìí náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra, a sì fi ọ̀kan wé èkejì. Àbájáde wa ni pé ìbéèrè méjì ni a dì pọ̀ mọ́ra fún ọ̀pọ̀ ọdún: ṣé abẹ́rẹ́ yìí ń gba ẹ̀mí ọmọ ọwọ́ là, àti ṣé ó ń dáàbò bo ènìyàn títí di ọjọ́ ogbó? Bẹ́ẹ̀ ni ni èsì ìbéèrè kìíní. Èsì ìkejì kò rí bẹ́ẹ̀. A gbà pé ó yẹ kí olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì.

1. Ìfáàrà

Bí a bá ká apá aṣọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ ilẹ̀ Nàìjíríà sókè, a ó rí àpá róbótó kékeré kan lókè apá òsì wọn. Àwọn ìyá mọ àpá yìí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọ náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé ló fà á. Ojú abẹ́rẹ́ wú, ó di egbò kékeré, egbò náà jinná, ó sì fi àpá sílẹ̀. BCG ni orúkọ abẹ́rẹ́ náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ sì ni àrùn tí a torí rẹ̀ ṣe é.

Ní ìgbà kan tí a lọ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, a bá ọmọdébìnrin kan, ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kànlá, tó ń wúkọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ikọ́ náà kò dáwọ́ dúró títí iṣẹ́ fi parí. Nígbà tí a béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ kíláàsì náà, ó ní ó ti tó oṣù kan tí ikọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó pe ọmọ náà, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi àpá BCG hàn wá. Ó ní, “Ẹ má ṣèyọnu sà, ikọ́ ẹ̀gbẹ kò lè mú eléyìí. Ó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ láti kékeré.”

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ yìí ló bí iṣẹ́ tí ẹ ń kà yìí. Olùkọ́ náà kì í ṣe òpè, ohun tí ó sọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ibo ni ìgbàgbọ́ náà ti wá? Ta ló wọn agbára abẹ́rẹ́ yìí, báwo ló sì ṣe wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè ìtàn ni ìwọ̀nyí, nítorí pé bí a ṣe mọ ohun kan ṣe pàtàkì bí ohun tí a mọ̀ gan-an.

2. Ìdí tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ọmọdé fi yàtọ̀ sí ti àgbà

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882 ni Robert Koch kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa ikọ́ ẹ̀gbẹ. Láti ìgbà náà ni ó ti hàn gbangba pé àrùn náà kì í ṣe àjogúnbá bí àwọn ènìyàn ṣe rò tẹ́lẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e láti ẹnu ẹni tó ń wúkọ́ lọ sí imú ẹlòmíràn.

Ohun tí kòkòrò yìí ń ṣe lára ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ sí ohun tó ń ṣe lára àgbàlagbà. Lára àgbàlagbà, ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà máa ń bà jẹ́; onítọ̀hún yóò máa wúkọ́, yóò máa rù, yóò sì máa kó o ran ẹlòmíràn. Ọmọ ọwọ́ kì í sábà kó àrùn náà ran ènìyàn, ṣùgbọ́n òun ni ó yára pa jù. Ara rẹ̀ kò tíì mọ bí a ti ń sé kòkòrò náà mọ́ ojú kan. Nípa bẹ́ẹ̀, kòkòrò náà lè bá ẹ̀jẹ̀ tàn ká gbogbo ara, tàbí kí ó wọ inú awọ tó bo ọpọlọ. Oríṣi méjì yìí ni àwọn dókítà ń bẹ̀rù jù, nítorí pé ọmọ tí kò bá kú nínú èkejì lè yarọ, ó lè dití, ó sì lè má lè ronú dáadáa mọ́.

Àkọsílẹ̀ ìgbà tí kò tíì sí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ jẹ́ kí a mọ bí ewu náà ti pọ̀ tó. Nínú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, tí wọn kò gba àjẹsára, tí kòkòrò náà sì wọ̀ lára, nǹkan bí ìdajì ni àrùn náà ń dá gúnlẹ̀. Nínú 100 irú ọmọ bẹ́ẹ̀, láti 10 sí 20 ni oríṣi tó ń tàn ká ara tàbí tó ń wọ awọ ọpọlọ ń mú. Nígbà tí ọmọ bá fi wà láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́wàá, nǹkan bí 2 péré nínú 100 ni ó ń ṣàìsàn. A ó rí i pé ọdún tí ewu pọ̀ jù ni ọdún kìíní láyé. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn tó ń bọ̀ dá lé.

3. Láti Lille dé Paris, 1908 sí 1921

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọdún 1908, ní ilé ìwádìí Pasteur tó wà ní ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé, Albert Calmette tó jẹ́ dókítà àti Camille Guérin tó jẹ́ oníṣègùn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í gbin kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ màlúù sórí ọ̀dùnkún tí a fi òróòro màlúù àti gílísẹ́rínì sè. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń ṣí i láti orí oúnjẹ kan sí òmíràn. Wọ́n kíyè sí i pé bí wọ́n ti ń ṣí i ni agbára ìpani rẹ̀ ń dínkù. Ogun Àgbáyé Kìíní bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ yìí, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba Lille, síbẹ̀ wọn kò jẹ́ kí ọ̀gbìn náà kú. Lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá àti nǹkan bí ìgbà 230 tí wọ́n ti ṣí i, kòkòrò náà kò lè fa àrùn lára ẹran mọ́. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi pè é ní Bacille Calmette-Guérin. Òun ni BCG.

Ní oṣù keje ọdún 1921, wọ́n bí ọmọ kan ní Paris. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá rẹ̀ kété lẹ́yìn ìbímọ, ìyá àgbà tí yóò sì tọ́ ọ náà ní àrùn yìí. Benjamin Weill-Hallé àti Raymond Turpin fún ọmọ náà ní BCG ní ilé ìwòsàn Charité. Ẹnu ni wọ́n gbà fún un. Ó gbé e mì. Ọmọ náà kò ṣàìsàn.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Nínú ìmọ̀ ìṣègùn ìbílẹ̀ Yorùbá, àjẹsára ni oògùn tí ènìyàn jẹ sára kí ewu tó dé, gbẹ́rẹ́ sì ni èyí tí a sín sí ara. Nígbà tí àwọn baba wa pe abẹ́rẹ́ òyìnbó ní àjẹsára, ènìyàn lè rò pé wọ́n kàn ya ọ̀rọ̀ lò ni. Ṣùgbọ́n BCG àkọ́kọ́ jẹ́ àjẹsára ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an, nítorí pé jíjẹ ni ọmọ jẹ ẹ́. Ní ọdún 1927 ni Arvid Wallgren ní ìlú Gothenburg ní Sweden bẹ̀rẹ̀ sí í fún un sínú awọ ara, ọ̀nà yìí ni a sì ń lò dòní.

4. Ìṣirò Calmette àti ẹ̀kọ́ Lübeck

Láàárín ọdún 1924 sí 1928, àwọn ọmọ tó lé ní 100,000 ti gba BCG ní ilẹ̀ Faransé. Calmette ka iye àwọn tó kú. Ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọmọ tó gbà á láàárín ilé tí aláìsàn wà, nígbà tí ó jẹ́ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ń kú nínú àwọn tí kò gbà á. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní yọ̀?

Onímọ̀ ìṣirò kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Major Greenwood, kò yọ̀. Ní ọdún 1928 ó kọ̀wé pé ìṣirò Calmette kò dúró dáadáa. Kò sọ pé BCG kò dára. Ohun tí ó ń sọ ni pé àwọn ọmọ tí Calmette fi wé ara wọn kì í ṣe ẹgbẹ́. Òbí tó gbé ọmọ wá gba àjẹsára lè jẹ́ òbí tó tún ń fún ọmọ náà ní oúnjẹ gidi, tó sì ń tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ bá yè, ṣé àjẹsára ló gbà á là ni àbí ìtọ́jú?

Kí wọ́n tó yanjú ọ̀rọ̀ yìí ni àjálù ṣẹlẹ̀. Láti òpin ọdún 1929 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1930, nǹkan bí 250 ọmọ tuntun ni a fún ní BCG ní ìlú Lübeck ní Jámánì. Ó lé ní 70 nínú wọn tó kú. Ìwádìí fi hàn pé kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ gidi ti dàpọ̀ mọ́ àjẹsára náà ní ilé tí wọ́n ti pò ó ní Lübeck. Ilé ẹjọ́ dá méjì nínú àwọn dókítà tí ọ̀rọ̀ kàn lẹ́bi ní ọdún 1932. BCG fúnra rẹ̀ kọ́ ló pa àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n ìgbẹ́kẹ̀lé àwọn òbí wó lulẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Calmette kú ní ọdún 1933 láì tíì rí ìdáhùn tó fìdí múlẹ̀ sí ìbéèrè Greenwood.

5. Fífi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́: New York àti Saskatchewan

Ìwádìí méjì tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àkókò yìí ni a kà sí orígun ìtàn wa, nítorí pé ọmọ kéékèèké ni méjèèjì dá lé.

Èkíní wáyé ní New York, Levine àti Sackett sì ló gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1946. Láti 1927 sí 1932, àwọn dókítà fúnra wọn ni wọ́n ń yan ọmọ tí wọn yóò fún ní BCG nínú ìdílé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ wà. Nínú 445 tó gbà á, ikọ́ ẹ̀gbẹ pa 3. Nínú 545 tí kò gbà á, ó pa 18. Àǹfààní ńlá ni èyí lójú ẹni tó bá kọ́kọ́ wò ó. Ṣùgbọ́n láti 1933, wọ́n yí ọ̀nà náà padà: bí wọ́n bá fún ọmọ kan, wọn yóò fo èyí tó tẹ̀ lé e, kò sí pé dókítà ń yàn mọ́. Nínú 566 tó gbà á, 8 ni ó kú. Nínú 528 tí kò gbà á, 8 náà ni ó kú. Àǹfààní náà pòórá. Ohun tí Greenwood bẹ̀rù ló ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́: àwọn òbí tó ń gbọ́ràn sí dókítà lẹ́nu ni àwọn dókítà ń mú.

Ṣé BCG kò wúlò nìyẹn? Ìwádìí kejì kò jẹ́ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ní Saskatchewan ní ilẹ̀ Kánádà, Ferguson àti Simes bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1933 láàárín àwọn ọmọ tuntun onílẹ̀ ibẹ̀, tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń pa lọ́pọ̀lọpọ̀ nígbà náà. Wọ́n fún 306 ní BCG sínú awọ ara, wọ́n sì fi 303 ṣe ìfiwéra. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní 1949, 6 ni ó ṣàìsàn nínú àwọn tó gbà á, 29 nínú àwọn tí kò gbà á. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nǹkan bí ìdá 80 nínú 100 àìsàn náà ni abẹ́rẹ́ yìí dènà.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni ìwádìí méjèèjì kọ́ wa. Èkíní fi hàn pé kíkà nìkan kò tó, bí ohun tí a ń kà kò bá jẹ́ ẹgbẹ́. Èkejì fi hàn pé bí a tilẹ̀ fi ẹgbẹ́ wé ẹgbẹ́, èsì ibì kan lè yàtọ̀ pátápátá sí ti ibòmíràn.

6. Àbájáde tó yapa: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Íńdíà

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, kò sí àkókò fún àríyànjiyàn mọ́. Láti 1948 sí 1951, ètò àgbáyé kan tí UNICEF àti àwọn orílẹ̀-èdè Scandinavia dá sílẹ̀ fún ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 14 ní BCG. Àwọn onímọ̀ kò sì dẹ́kun wíwọn.

Ní ọdún 1950, Ìgbìmọ̀ Ìwádìí Ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 54,000, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, ìdá 84 nínú 100 àìsàn ni BCG dènà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, agbára náà ń dínkù. Ní ìpínlẹ̀ Georgia àti Alabama ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àkókò kan náà rí ìdá 14 péré.

Èyí tó da omi tútù sí àwọn ènìyàn lọ́kàn jù ni ti Chingleput ní gúúsù Íńdíà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1968, àwọn ènìyàn tó lé ní 250,000 ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ìwádìí BCG kankan ṣáájú rẹ̀ tó tóbi tó o. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ kọ́kọ́ jáde ní 1979, ó fi hàn pé BCG kò dènà ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ẹ̀dọ̀fóró rárá. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí wọ́n fi tọpa wọn, èsì náà kò yí padà.

Kí ló fa ìyapa yìí? Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fara mọ́ jù ni ti àwọn ìbátan kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ń gbé inú omi àti erùpẹ̀. Wọ́n pọ̀ ní ilẹ̀ olóoru. Ara ẹni tó bá ti pàdé wọn tipẹ́ kì í sábà rí àǹfààní kún àǹfààní nínú BCG. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ náà fi dà bí ẹni pé ó lágbára ní ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, tí ó sì rọ ní ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn. Ọmọ tuntun kò tíì pàdé kòkòrò inú erùpẹ̀ kankan. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí BCG ṣiṣẹ́ níbi tó ti ṣòro fún un láti ṣiṣẹ́, ìgbà ìbí ni ó yẹ kí a fún un.

7. Ìbéèrè méjì nínú ẹyọ kan

Lẹ́yìn Chingleput, àwọn kan béèrè pé kí ni a tún ń fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ yìí sí. Àwọn amòye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé pè jọ ní 1980 ní kí a má dá a dúró fún ọmọ ọwọ́. Ìdí wọn mọ́gbọ́n wá. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó jẹ́ àrùn àgbà, ni wọ́n wọ̀n ní Chingleput. Wọn kò gbé ìwádìí náà kalẹ̀ láti wọn èyí tó ń wọ awọ ọpọlọ ọmọ ọwọ́. Ojú kan ni àdá ní. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ gé igi kò lè sọ pé àdá náà kò mú.

Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ṣe wọn ojú kejì yìí, nígbà tí kò bófin mu mọ́ láti fi abẹ́rẹ́ du ọmọ tuntun nítorí ìfiwéra? Láti ọdún 1980 lọ, àwọn onímọ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Wọ́n wá àwọn ọmọ tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú, wọ́n wá àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́ wọn ní àdúgbò kan náà tí ara wọn le, wọ́n sì wo apá àwọn méjèèjì bóyá àpá BCG wà níbẹ̀. Àpá tí olùkọ́ fi hàn wá ni ó di òṣùwọ̀n. Ní ọdún 1993, Rodrigues àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ jọ: nǹkan bí ìdá 75 nínú 100 ikọ́ ẹ̀gbẹ awọ ọpọlọ àti èyí tó ń tàn ká ara ni BCG ń dènà lára ọmọdé. Kò sí ìyapa ńlá láàárín ilẹ̀ olóoru àti ilẹ̀ olótùútù. Ní 2006, Trunz, Fine àti Dye ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 100 abẹ́rẹ́ tí a fún ọmọ ọwọ́ ní ọdún 2002 yóò dènà nǹkan bí 30,000 àìsàn awọ ọpọlọ àti 11,000 èyí tó ń tàn ká ara, kí àwọn ọmọ náà tó pé ọdún márùn-ún.

Èyí dáhùn ìbéèrè kìíní. Ti ọjọ́ pípẹ́ ńkọ́? Níbí ni ẹ̀rí ti ń fà sọ́tùn-ún fà sósì. Láàárín 1935 sí 1938, Joseph Aronson fún àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Alaska ní BCG, ó sì fi àwọn mìíràn ṣe ìfiwéra. Nǹkan bí 3,000 ni gbogbo wọn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ padà wo àkọsílẹ̀ wọn, tí wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2004, ààbò tó tó ìdá 52 nínú 100 ṣì wà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia ní ilẹ̀ Brazil, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú sọ di ilé, ìwádìí tí a gbé jáde ní 2005 fi hàn pé ààbò abẹ́rẹ́ ìgbà ìbí lè dé ogún ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ìdajì. Ìwádìí ńlá mìíràn ní Salvador àti Manaus, lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé tó lé ní 200,000, fi hàn ní ọdún yìí kan náà pé bí a bá tún abẹ́rẹ́ náà fún ọmọ ní ẹ̀ẹ̀kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní.

Ní ọdún 2022, Martinez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 26 jọ, tó kan 68,552 ènìyàn tó bá aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ gbé pọ̀ tàbí tó sún mọ́ ọn. Lára àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ìdá 37 nínú 100 gbogbo oríṣi ikọ́ ẹ̀gbẹ ni abẹ́rẹ́ ìgbà ìbí dènà. Lára àwọn tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò rí ààbò tó dájú.

Ṣé ìwádìí wọ̀nyí ń pe ara wọn ní òpùrọ́ ni? Lójú tiwa, rárá. Kì í ṣe ènìyàn kan náà ni wọ́n wọ̀n. Àwọn ti Alaska ń gbé ilẹ̀ olótùútù. Àwọn tó wà nínú iṣẹ́ 2022 ń mí èémí kan náà pẹ̀lú aláìsàn lójoojúmọ́, ìyẹn sì lè borí ààbò tí kò nípọn. Ohun tí gbogbo wọn fẹnu kò lé lórí ni èyí: agbára abẹ́rẹ́ ìgbà ìbí fìdí múlẹ̀ jù ní ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, lórí oríṣi tó ń pani jù. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó ń dínkù, iye tó sì ń ṣẹ́ kù yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn. Kò sí ẹni tó lè gbójú lé e.

8. Ohun tí èyí sọ nípa tiwa

Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò àjẹsára gbogbogbò sílẹ̀ ní ọdún 1974, Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1979. Nínú ètò náà, ọjọ́ ìbí ni ọjọ́ BCG. Òǹkàwé tó bá ti tẹ̀ lé wa dé ibí yóò mọ ìdí: ọdún kìíní ni ewu pọ̀ jù, kòkòrò inú erùpẹ̀ kò sì tíì dé ara ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ń dí ètò yìí lọ́wọ́. Ìyẹ̀fun ni BCG inú ìgò; ìgò kan sábà máa ń tó ọmọ ogún. Bí a bá ti po omi rẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọdọ̀ ju wákàtí mẹ́fà lọ kí a tó da èyí tó ṣẹ́ kù nù. Nọ́ọ̀sì tó bá ní ọmọ méjì péré níwájú rẹ̀ kò ní fẹ́ já ìgò. Yóò ní kí ìyá padà wá ní ọjọ́ tí àwọn mìíràn yóò pọ̀. Ìyá tí ọ̀nà rẹ̀ jìn lè má padà. A fi ìgò pa mọ́, a sì fi ọmọ sílẹ̀ nínú oṣù tí ó nílò ààbò jù. Bí òtítọ́ bá wà nínú ìtàn tí a ti ń sọ bọ̀, ọmọ ló yẹ kí a ṣírò, kì í ṣe ìgò.

Àwọn ará wa tó wà lókè òkun pàápàá wà nínú ìtàn yìí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá BCG ilé-ìwé dúró ní ọdún 2005, wọ́n sì yí i sí ti ọmọ ọwọ́ tí ewu súnmọ́ jù. Lára wọn ni àwọn ọmọ tí òbí tàbí òbí àgbà wọn ti orílẹ̀-èdè tí ikọ́ ẹ̀gbẹ pọ̀ sí wá. Ìdí nìyí tí nọ́ọ̀sì ní London fi máa ń ní kí ọmọ tí ọmọ Yorùbá bí síbẹ̀ gba abẹ́rẹ́ tí aládùúgbò rẹ̀ kò gbà.

Ní ti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, a dá àwọn àbá wọ̀nyí:

(i) Kí a má ṣe fi àpá BCG ṣe ẹ̀rí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ kò lè mú ọmọ ilé-ìwé. Ọmọ tí ikọ́ rẹ̀ bá lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó ń rù, tàbí tí òógùn ń bò lóru, kí a bá òbí rẹ̀ sọ ọ́ kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò.

(ii) Ọmọ tí kò ní àpá kì í ṣe ẹni tí abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ dandan. Ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ọdún 2018 ní kí a má tún abẹ́rẹ́ náà fún un.

(iii) Ọmọdé kì í sábà jẹ́ orísun ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ó bá mú ọmọ, àgbà kan wà nítòsí tó ń wúkọ́. Kí a wá àgbà náà pẹ̀lú ìfẹ́, láì dójú tì í.

(iv) Kí a kọ́ àwọn ìyá pé BCG kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìkómọ bí a bá lè fún ọmọ ní ọjọ́ tí a bí i.

9. Àgbálọgbábọ̀

Yorùbá ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì. Nínú ìtàn tí a gbé yẹ̀wò yìí, Calmette rò pé òun ti rí ohun tó dá òun lójú, Greenwood fi ìṣirò yẹ̀ ẹ́ wò. New York mú ìrètí wá, ó sì gbà á padà. Chingleput fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí a ju abẹ́rẹ́ náà nù, àwọn tó wo apá ọmọdé sì dá a padà sí ipò rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí ìmọ̀ bá ṣípò, ẹnìkan ti béèrè pé kí ni a ń wọ̀n gan-an, ta ni a sì fi wé ta ni. Ìbéèrè kan náà ni yóò dojú kọ àjẹsára tuntun fún àwọn ọ̀dọ́ àti àgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò lórí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ Áfíríkà àti Éṣíà láti ọdún 2024.

A bẹ òbí ọmọdébìnrin tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú kí wọ́n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ìyá rẹ̀ àgbà tí wọ́n jọ ń sùn ní yàrá kan náà ló kó o ràn án. Wọ́n fún àwọn méjèèjì ní oògùn, ara wọn sì yá. Abẹ́rẹ́ ọjọ́ ìbí rẹ̀ ti lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀: ó lè jẹ́ òun ló mú un la ọdún márùn-ún àkọ́kọ́ kọjá nínú ilé tí ewu wà. Ọdún mọ́kànlá kọjá ibi tí a lè ní kí ó ṣọ́nà dé.

Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. BCG ń ṣọ́ ọmọ lórí ẹní. Nígbà tí ọmọ náà bá ti rìn dé ilé-ìwé, àwa tí a wà níbẹ̀ ni ó kù kí a máa ṣọ́ ọ.